Iná Bírékì Òsì Kò Tàn: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Lórí Corolla Kan ní Abẹ́òkúta

Ọkọ̀ náà jẹ́ Toyota Corolla tókunbọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Kútọ̀ sí Láfẹ́nwá tàárọ̀-tàṣálẹ́. Ẹjọ́ tí awakọ̀ rẹ̀ gbé wá bá ríwáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, kò gùn: iná bírékì òsì kò tàn. Ti ọ̀tún ń tàn, èyí tó wà lókè nínú gíláàsì ẹ̀yìn náà ń tàn. Ó ti di oṣù kejì tó ti wà bẹ́ẹ̀. Láàárín àkókò yẹn, wọ́n ti pààrọ̀ gílóòbù lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ti pààrọ̀ súíìṣì ìdí pẹ́dà bírékì, wọ́n sì ti fi gílóòbù LED kan sí i tí wọ́n tún yọ ọ́. Owó ń lọ, iná kò dé.

Iná ẹyọ kan kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ọwọ́ ọ̀tún la ń wakọ̀ ní Nàìjíríà, ẹ̀gbẹ́ òsì sì lẹni tó bá fẹ́ yà wá sílẹ̀ máa ń gbà kọjá. Iná òsì ló wà lọ́gangan ojú rẹ̀. Tó bá di alẹ́, lórí àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó pọ̀ nílùú yìí, ọkọ̀ tí iná ọ̀tún nìkan ń tàn lára rẹ̀ lè jọ ọ̀kadà lójú ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Onítọ̀hún á rò pé àyè wà lápá òsì, bẹ́ẹ̀ ara ọkọ̀ ló wà níbẹ̀.

Ohun tí iná méjì tó kù ti sọ

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, iná méjì tó ń tàn yẹn ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀. Láti bátìrì, iná máa ń gba inú fíúsì tí wọ́n kọ STOP sí, á gba súíìṣì tó wà lókè pẹ́dà, lẹ́yìn náà ni wáyà á pín sí mẹ́ta: òsì, ọ̀tún, àti ti òkè. Kànga kan ṣoṣo làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń pọnmi. Bí méjì bá rí omi pọn, kànga kò gbẹ. Ìyẹn ni pé kò sí ohun tó ṣe fíúsì, kò sí ohun tó ṣe súíìṣì, owó tí wọ́n fi ra súíìṣì tuntun sì ti wọgbó. Ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọ kọ̀ ni ká lọ bá fíúsì àti súíìṣì. Bí ọ̀kan bá dá kọ̀, láti ibi tí wáyà ti pín lọ sẹ́yìn ni ká wò: wáyà apá yẹn, hóólídà rẹ̀ (ihò tí gílóòbù ń wọ̀), gílóòbù rẹ̀, àti ẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà láti ara bọ́dì padà sí bátìrì.

Àwọn ọkọ̀ kan wà tí àlàyé yìí kò bá mu. Àwọn mọ́tò Amẹ́ríkà kan máa ń lo okùn gílóòbù kan náà fún bírékì àti tíráfíkétọ̀ ẹ̀yìn, tí méjèèjì á máa tan pupa. Nínú wọn, iná bírékì òsì àti ọ̀tún máa ń gba inú súíìṣì tíráfíkétọ̀ ìdí sítíárì kọjá, ti òkè kì í gba ibẹ̀. Bí apá kan bá kọ̀ lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, súíìṣì yẹn wà lára àwọn tí a gbọ́dọ̀ fura sí. Corolla tí a ń sọ yìí kò sí lára wọn. Tíráfíkétọ̀ rẹ̀ ní gílóòbù tirẹ̀.

Gílóòbù

Gílóòbù ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń mú, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí òun ló máa ń jó jù. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ yìí jẹ́ olórí méjì: okùn méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́ fún páàkì (iná kékeré tí a máa ń tàn lálẹ́), ọ̀kan nípọn fún bírékì. 1157 ni wọ́n kọ sí i lára. Èyí tí wọ́n bá kọ 12V 21/5W sí náà máa ń wọ ibẹ̀, wáàtì 21 fún bírékì, wáàtì 5 fún páàkì. Ẹ wo ìṣó kékeré méjì tó yọ lára ìdí rẹ̀: ọ̀kan ga ju ìkejì lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà fi gílóòbù náà sódì. Àwọn kan máa ń fi fáìlì ha ìṣó yẹn kí gílóòbù olórí kan lè wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Orí kan ṣoṣo yẹn á fara kan kọ́ńtáàtì méjèèjì pọ̀, iná páàkì á gba ibẹ̀ wọnú wáyà bírékì, ẹ ó kàn tan páàkì ni, gbogbo iná bírékì á gbé e, kò sì ní sẹ́ni tó máa mọ̀ mọ́ nígbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà lóòótọ́.

Gílóòbù ọkọ̀ yìí kò jó. Ríwáyà àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé e sójú oòrùn, okùn tó nípọn kò já, gíláàsì rẹ̀ kò dúdú. Wọ́n gbé e lọ sápá ọ̀tún, ó tàn yòò. Wọ́n gbé ti ọ̀tún wá sí òsì, kò tàn. Pàṣípààrọ̀ yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ká ní àwọn tó kọ́kọ́ tún ọkọ̀ náà ṣe ti ṣe é lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, wọn ì bá má ra gílóòbù mẹ́ta.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú

Ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni kò bi awakọ̀ náà láti oṣù méjì. Ríwáyà bi í pé: “Bọ̀dá, ṣé ó kú pátápátá ni, àbí ó ń ṣe nǹkan míì?”

Ó ronú díẹ̀, ó ní: “Ọ̀gá, lálẹ́, bí mo bá tẹ bírékì, mo máa ń rí ọfà tíráfíkétọ̀ òsì nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, á máa tàn bàìbàì. Mo rò pé ojú mi ni.”

Kì í ṣe ojú rẹ̀. Gbólóhùn yẹn níye lórí ju gílóòbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ti rà lọ.

Wọ́n dúró dìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n sún ìdí ọkọ̀ mọ́ ògiri funfun. Ọmọ iṣẹ́ dúró sẹ́yìn, awakọ̀ jókòó sídìí sítíárì. (Ẹni tó bá dá nìkan wà lè fi igi ti pẹ́dà mọ́ àga, tàbí kó máa wo iná lára ògiri látinú díńgí.) Ohun tí wọ́n rí nìyí. Nígbà tí páàkì wà ní pípa, tí awakọ̀ tẹ bírékì, gílóòbù bírékì òsì kò kú rárá: ó pọ́n bí ẹyín iná tó ń kú lọ. Ní ọ̀sán, oòrùn ti bo èyí mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń sọ pé kò tàn. Gílóòbù tíráfíkétọ̀ òsì pọ́n díẹ̀, ti rìfáàsì òsì náà pọ́n díẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó tan wọ́n. Nígbà tí wọ́n wá tan páàkì, òsì àti ọ̀tún mọ́lẹ̀ dọ́gba. Awakọ̀ tẹ bírékì: ọ̀tún gbéná sókè, òsì wà bó ṣe wà, àfi bíi pé kò sẹ́ni tó fẹsẹ̀ kan pẹ́dà.

Ẹni tó bá rí àmì yìí kò gbọ́dọ̀ wá gílóòbù mọ́. Ẹ́ẹ̀tì ló ń ké.

Ìdí rẹ̀ ni pé gbogbo gílóòbù inú iná ẹ̀yìn apá òsì ló ń pín ẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lò. Iná tó bá wọlé gbọ́dọ̀ rọ́nà jáde, kó gba ara bọ́dì padà sí nẹ́gétíìfù bátìrì. Bí ọ̀nà ẹ́ẹ̀tì bá dí, iná kì í jókòó, ọ̀nà ẹ̀bùrú ló máa ń wá. Ó wọlé láti inú okùn bírékì, ó bá ẹnu ọ̀nà ní títì, ó wá gba inú gílóòbù tíráfíkétọ̀ ẹ̀yìn sódì, ó tọ wáyà rẹ̀ lọ síwájú ọkọ̀, ó bá gílóòbù tíráfíkétọ̀ iwájú àti ọfà inú dáṣíbọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ló ti rí ẹ́ẹ̀tì tó dára. Apá kan gba inú rìfáàsì òsì lọ sí ti ọ̀tún. Apá kan gba inú okùn páàkì. Gílóòbù bírékì wá di ẹni tó ń bá gbogbo wọn pín fólítì 12, ohun tó kàn án kò ju nǹkan bí ìdajì lọ. Gílóòbù olókùn tó bá rí ìdajì fólítì kì í mú ìdajì ìmọ́lẹ̀ jáde. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù.

Èyí náà ló tan àwọn tó fi LED sí i jẹ. LED kì í jẹ iná púpọ̀, kọ́rẹ́ǹtì kékeré tó ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kọjá tó o láti tàn. Ó tàn lọ́sàn-án, wọ́n ní ó ti tán. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni àwọn tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ń fọn fèrè sí i, torí kò yàtọ̀ bóyá ẹsẹ̀ wà lórí pẹ́dà tàbí kò sí níbẹ̀.

Mítà ní 12, iná kò tàn

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà nìyí, ó sì yẹ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀. Níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà lọ, wọ́n yọ gílóòbù kúrò, wọ́n fi ẹnu pupa mítà kan kọ́ńtáàtì bírékì nínú hóólídà, wọ́n fi ẹnu dúdú kan bóòtì kan lára búùtù. Mítà ka fólítì 12.3. Wọ́n ní iná wà, wọ́n ní wáyà dára, wọ́n tún ra gílóòbù.

Àṣìṣe méjì ló wà nínú ìwọ̀n yẹn. Àkọ́kọ́, bóòtì búùtù ni wọ́n lò bí ẹ́ẹ̀tì, wọn kò lo ẹ́ẹ̀tì tí gílóòbù fúnra rẹ̀ ń lò. Àyẹ̀wò wọn fo ibi tí àìsàn wà kọjá. Ìkejì, kò sí gílóòbù níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Mítà kì í fa kọ́rẹ́ǹtì tó ṣeé kà sí, nítorí náà wáyà tó ti gé tó ku fọ́nrán kan ṣoṣo á ṣì fi 12 hàn án. Ẹ ti gílóòbù bọ ibẹ̀, kó fa áḿpù 2, fólítì yẹn á já wálẹ̀. A gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti ṣe é ni gílóòbù ìdánwò. Ẹ mú gílóòbù olórí méjì tó dára. Ẹ jó wáyà tín-ín-rín, tí kò nípọn ju irun ìrù ẹṣin lọ, mọ́ ẹ̀gbẹ́ kóró òjé bírékì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ wà lórí kóró gan-an kó má baà gbé gílóòbù sókè. Ẹ jó ìkejì mọ́ ara ife irin ìdí rẹ̀. Ẹ fi téèpù wé àkọ́kọ́ yẹn kó má fara kan ife, kí ẹ fa méjèèjì jáde láti ẹ̀gbẹ́ hóólídà. Gílóòbù á wọlé, á yí, á jókòó dáadáa, ẹ ó sì tún ní ibi tí ẹnu mítà lè dì mú nígbà tí iná ń ṣiṣẹ́.

Wọ́n fi í sí òsì, páàkì ní pípa, ẹsẹ̀ lórí bírékì. Ẹnu dúdú mítà lórí irin tó mọ́ lára bọ́dì, ẹnu pupa lára ife gílóòbù: 5.6. Ibẹ̀ yẹn ló yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Bó bá kọjá 0.2, ẹ́ẹ̀tì ń ṣàìsàn. Lápá ọ̀tún, 0.05 ni.

Wọ́n wá mú wáyà kan tí wọ́n ti bó ẹnu rẹ̀ méjèèjì, wọ́n so ọ̀kan mọ́ ife gílóòbù òsì, wọ́n fi ìkejì kan bóòtì kọ́kọ́rọ́ búùtù tó mọ́. Lójú ẹsẹ̀, bírékì òsì tàn, rìfáàsì kú, tíráfíkétọ̀ kú, ọfà inú dáṣíbọ́ọ̀dù kú. Wọ́n mú wáyà kúrò, gbogbo rẹ̀ padà sípò àìsàn. Ìdánwò oníṣẹ́jú méjì yìí ni a fẹ́ kí gbogbo ríwáyà máa ṣe kó tó dárúkọ ohun tí oníbàárà máa rà.

Lábẹ́ káápẹ́ẹ̀tì búùtù

Lára ọ̀pọ̀ Toyota, wáyà ẹ́ẹ̀tì máa ń jẹ́ funfun tó ní ìlà dúdú; ti bírékì máa ń jẹ́ àwọ̀ ewé tó ní ìlà funfun. Wọ́n ṣí káápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ òsì búùtù, wọ́n tọ wáyà funfun onílà dúdú náà lẹ́yìn iná, ó parí sí ojú òrùka bàbà kan tí bóòtì sípánà 10 dè mọ́ bọ́dì.

Ọ̀dà tuntun ló wà lábẹ́ òrùka náà, àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ọkọ̀. Ẹnì kan ti gbá ọkọ̀ náà lẹ́yìn rí, pánẹ́ẹ̀lì-bítà sì ti tò ó. Wọ́n tú ẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó kun ọ̀dà, wọ́n wá dè é padà sórí ọ̀dà láì ha ibẹ̀. Ọ̀dà kì í gbé iná. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí iná fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn ìyẹn? Ẹ̀sọ̀ bóòtì, ìlà tó yí ara rẹ̀ ká, ló ń gbà á kọjá: bóòtì fara kan òrùka, ẹ̀sọ̀ rẹ̀ sì fara kan irin nínú ihò. Ọ̀nà tóóró yẹn tó fún wọn títí omi fi dé. Bóòtì dógùn-ún, ọ̀nà tóóró náà dí. Bàbà inú wáyà ti dúdú, ó ti hu nǹkan àwọ̀ ewé bí ewédò.

Wọ́n tú nẹ́gétíìfù bátìrì kọ́kọ́. Wọ́n yọ bóòtì, wọ́n fi sáńpépà 120 ha ọ̀dà kúrò ní àyè tó tó ojú ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, títí irin fi ń dán. Wọ́n gé wáyà sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta títí wọ́n fi kan bàbà tó mọ́, wọ́n fún òrùka tuntun mọ́ ọn, wọ́n fi òjé jó o, wọ́n sì fi rọ́bà tó máa ń fún bí iná bá kàn án bò ó. Bóòtì tuntun, pẹ̀lú wáṣà eléyín tó máa ń bu irin jẹ lábẹ́ òrùka. Lẹ́yìn tí wọ́n dè é le tán ni wọ́n tó fi gíríìsì bo gbogbo rẹ̀ lókè, wọ́n sì tọ́ ọ̀dà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ha. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀nà àbùjá tí a máa ń rí, kí wọ́n fa wáyà láti ẹ́ẹ̀tì ọ̀tún wá sí òsì kí wọ́n sì fi èyí tó dógùn-ún sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ti ọ̀tún bá tú, apá méjèèjì á kú pọ̀.

Wọ́n wọ̀n ọ́n: ife gílóòbù sí bọ́dì, 0.06.

Ó tàn, ṣùgbọ́n kò tó ti ọ̀tún

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ì bá ti parí síbí. Iná tàn, awakọ̀ ti ń fọwọ́ wá owó nínú àpò. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tó dúró sẹ́yìn ní: “Ọ̀gá, òsì yìí kò tó ti ọ̀tún o.” Ojú rẹ̀ mú. Wọ́n tún pààrọ̀ gílóòbù láàárín apá méjèèjì, àìtó náà dúró sí òsì.

Bátìrì ń ka 12.3. Lẹ́yìn hóólídà, níbi tí wáyà onílà funfun ti wọ ẹnu rẹ̀, 11.9, bíi ti ọ̀tún gẹ́lẹ́. Lára kóró òjé gílóòbù ìdánwò, 10.7. Fólítì 1.2 ń ṣègbé láàárín ibi tí kò gùn tó ìka kan, nínú hóólídà fúnra rẹ̀. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀: kọ́ńtáàtì bírékì ti rì sínú, rọ́bà tó yí i ká ti pọ́n bí ẹran tó jóná, sípíríngì ẹ̀yìn rẹ̀ kò ta padà mọ́ bí wọ́n ṣe fi ìka tẹ̀ ẹ́. Kóró òjé gílóòbù tí wọ́n yọ níbẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Fólítì 1.2 tó ń ṣègbé lórí áḿpù 2 jẹ́ wáàtì 2.4, gbogbo rẹ̀ sì di ooru lórí irin tí kò tóbi ju ẹyọ ìrẹsì lọ. Ooru yẹn ń yọ rọ́bà, rọ́bà ń jẹ́ kí kọ́ńtáàtì rì, rírì rẹ̀ ń jẹ́ kí ó gbóná sí i. Kò sí gílóòbù tuntun tó lè wo ìyẹn sàn. Àwọn kan máa ń fi sukudiráfà fa kọ́ńtáàtì sókè, tàbí kí wọ́n kán òjé sí ìdí gílóòbù kó lè kàn án. Á tàn fún ọ̀sẹ̀ kan, á tún rì. Hóólídà ni kí wọ́n pààrọ̀. Wọ́n rí tókunbọ̀ tó ní wáyà gígùn tirẹ̀ lára, wọ́n gé ti àtijọ́, wọ́n jó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní àwọ̀ sí àwọ̀, oríkèé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rọ́bà tirẹ̀. Wọn kò gé wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ojú kan náà. Wọ́n fi bí sẹ̀ǹtímítà méjì-méjì sí àárín wọn, kí àwọn oríkèé má baà kó jọ sójú kan.

Ìwọ̀n ìkẹyìn: kóró òjé òsì 11.8, ọ̀tún 11.8, ife òsì 0.06, ọ̀tún 0.05. Wọ́n tan páàkì, tíráfíkétọ̀ àti rìfáàsì, wọ́n sì tẹ bírékì lórí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí èyí tó dá sí èyí.

Omi náà

Ó ku ohun tó fa ìpẹtà. Rọ́bà pẹlẹbẹ tó yẹ kó wà láàárín iná ẹ̀yìn àti bọ́dì ti ya nígbà tí wọ́n ń to ọkọ̀, wọ́n sì ti fi í padà bẹ́ẹ̀. Omi òjò ń gba ibẹ̀ wọ búùtù, ó ń ṣàn kọjá lórí bóòtì ẹ́ẹ̀tì lọ sínú kòtò táyà sípíà. Omi pupa díẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ kòtò náà. Wọ́n gbọ́n omi náà jáde, wọ́n fi rọ́bà tuntun sí i, wọ́n sì de nọ́ọ̀tì iná náà díẹ̀díẹ̀ yíká, kí ẹ̀gbẹ́ kan má baà le ju ìkejì lọ kí ike rẹ̀ sì sán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da kẹ́ẹ̀gì omi onílítà márùn-ún sórí iná òsì láti òkè, ọmọ iṣẹ́ wà nínú búùtù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀kán kan kò wọlé.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́yìn òjò tó pọ̀, awakọ̀ náà yà padà kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Káápẹ́ẹ̀tì búùtù gbẹ, ife gílóòbù òsì ka 0.06, ọfà dáṣíbọ́ọ̀dù sì dúdú bí ó ṣe yẹ nígbà tí ẹsẹ̀ wà lórí bírékì.